Yangí ni ilẹ̀ ilé wa ní Kubwa: báwo ni kí n ṣe to ike àti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ kí òjò tó dé?

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 9 oṣù kejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókè Ọya. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná.

Lọ́dún tó kọjá, mo gba ike ọ̀dà lítà 20 méjìlá lọ́wọ́ kùnrin tó kun ilé wa. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ pupa níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ kó o ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin adìyẹ ládùúgbò wa, ó ṣì ń gbóná. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti tòmátì. Tẹ̀tẹ̀ hù, kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tó fi rọ bí ẹni pé mo da omi gbígbóná lé e. Ewédú kò tilẹ̀ yọjú. Tòmátì gbìyànjú, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò oṣù kẹjọ dé, inú ike di odò, gbòǹgbò jẹrà. Ọkọ mi ní kí n kúkú máa fi ike náà pọn omi.

Ọdún yìí mo fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ní àyè tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, fífẹ̀ rẹ̀ tó 7, ṣùgbọ́n yangí ni gbogbo rẹ̀, díígà ń ta iná lórí ẹ̀. Ayálégbé ni wá, onílé kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìmẹ́ǹtì mọ nǹkankan sílẹ̀. Irú ike wo ló dára? Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gbé sókè yẹn, kí ni mo lè fi ṣe é? Níbo lẹ ti ń rí ilẹ̀ gidi ní Abuja yìí?

BísíLugbe, ọjọ́ 9 oṣù kejì

Ìyá Tómi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú, ibi tí ẹ ti ṣubú ni èmi náà ti ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ná: ihò mélòó lẹ lu sí ìdí ike kọ̀ọ̀kan?

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 9 oṣù kejì

Ẹyọ kan, láàárín ìdí ẹ̀. Ìṣó ni mo fi lu ú.

BísíLugbe, ọjọ́ 9 oṣù kejì

Háà! Ihò ìṣó kan ṣoṣo, iyẹ̀pẹ̀ pupa á ti dí i kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Mẹ́jọ ni mo ń lu sí ike lítà 20. Márùn-ún ní ìdí, mẹ́ta lára ẹ̀gbẹ́, sókè díẹ̀ sí ìdí, nítorí pé tí ike bá jókòó lórí kọnkéré, kọnkéré á dí ti ìdí, ti ẹ̀gbẹ́ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kí ìka yín tó kéré jù lè wọ̀ ọ́. Irin tí mo fi iná gáàsì yan ni mo fi ń lu ú. Ẹ ṣe é níta o, èéfín ike kò dára fún imú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ike lé orí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì kí omi rí ibi jáde gbà.

Irú ike: ti ọ̀dà ògiri tí wọ́n ń fi omi pò kò burú, ẹ ṣá fọ̀ ọ́ mọ́. Èyí tó bá ti gbé oògùn apakòkòrò, ọ́ìlì ọkọ̀ tàbí ọ̀dà irin tó ń rùn yẹn, ẹ má gbin nǹkan jíjẹ sí i láéláé. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lítà 25 náà dára. Ẹ fi í dùbúlẹ̀, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ òkè kúrò, ó ti di ọkọ̀ ojú omi kékeré fún tẹ̀tẹ̀. Báàfù tí ìdí rẹ̀ ti là, iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ihò ti wà níbẹ̀ ná.

Ẹ̀fọ́ eléwé, ìyẹn tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, kò bèèrè jíjìn púpọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ga tó íǹṣì mẹ́jọ, ó tó wọn. Ata rodo lè gbé nínú ike lítà 10, àmọ́ 20 ló ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tòmátì, ẹyọ kan sí ike lítà 20 kan, ẹ má jẹ́ kí ojú kòkòrò mú yín gbin mẹ́ta. Tí ẹ bá máa gbé e sí báńkóní bí tèmi, ẹ rántí pé ike lítà 20 tí ilẹ̀ rẹ̀ mu omi yó á tó nǹkan bí kílò 30. Mẹ́wàá rẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ẹ tò ó sí, kì í ṣe etí báńkóní.

MrTúnjí_Gwarinpa, ọjọ́ 9 oṣù kejì

Gbogbo wàhálà yìí nítorí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì?

BísíLugbe, ọjọ́ 9 oṣù kejì

Bọ̀dá Túnjí, ewédú tí wọ́n já lánàá, tó gun ọkọ̀, tí wọ́n ń wọ́n omi sí kó má bàa sùn, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Èmi fẹ́ já tèmi ní aago márùn-ún kó wà lórí iná ní aago mẹ́fà. Ẹ sì wá fi ṣọkọ hàn mí lẹ́nu géètì yín, ẹ jọ̀ọ́. Aláyyahù, ẹ̀fọ́ àwọn Haúsá, nìkan lẹ ó rí.

Bàbá_Samaru, ọjọ́ 10 oṣù kejì

Ìyá Tómi, ọmọ mi, o kú làálàá. Láti 1983 ni mo ti ń gbé Samaru ní Zaria níbí. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé mò ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko, à ń jọ wo ohun tó ń ṣe irè wọn. Ohun tí Bísí sọ nípa ihò dára, ṣùgbọ́n ihò nìkan kọ́ ló pa ẹ̀fọ́ rẹ. Ohun tí o kó sínú ike ló pa á, ì bá à jẹ́ ike wúrà.

Iyẹ̀pẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé yẹn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u. Kò sí ewé jíjẹrà nínú rẹ̀, ekòló kò dé ibẹ̀ rí. Òjò rọ̀, ó di amọ̀. Oòrùn ràn, ó di bíríkì. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ní tirẹ̀, iná ni. Amóńíà àti iyọ̀ inú rẹ̀ ló jó gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ rẹ. O wá fi ìgbẹ́ náà sínú ike tí omi kò ti lè jáde. Kí lo fẹ́ kó ṣe?

Ilẹ̀ inú ike gbọ́dọ̀ dà bí èkuru, kò gbọdọ̀ dà bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí a ṣe ń dán an wò nìyí: bu ẹ̀kúnwọ́ kan nígbà tó rin díẹ̀, fún un mọ́ ọwọ́, la ọwọ́ rẹ, kí o fi ìka kan án. Tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èkuru, gbin nǹkan rẹ. Tó bá dúró gbagidi tí àmì ìka rẹ hàn lára rẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ ṣì kù. Tí kò bá tilẹ̀ dì rárá, iyanrìn ti pọ̀ jù, omi kò ní dúró níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń po tèmi nìyí. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ bárò mẹ́wàá, márùn-ún á jẹ́ ilẹ̀ dúdú òkè, mẹ́ta ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, méjì èèpo ìrẹsì. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè Ọya, ẹ dúpẹ́ fún èèpo ìrẹsì, níbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì wọ́n ń wá ẹni tó máa kó o kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. Òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ fúyẹ́. Má fi lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì rọ́pò rẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú yẹn bá ṣe ń jẹrà, oúnjẹ ẹ̀fọ́ ló ń jẹ, ewé á wá máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ìgbẹ́ adìyẹ: kó o jọ síbì kan báyìí, lónìí, má dúró di ọ̀la. Po ewé gbígbẹ tàbí koríko mọ́ ọn, wọ́n omi sí i kó rin, fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o máa fi ṣọ́bìrì yí i. Á gbóná gan-an lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kó o ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: tí kò bá gbóná mọ́, tí kò ta sí ọ nímú mọ́, tó ń rùn bí ilẹ̀ lásán, ó ti di ajílẹ̀ nìyẹn. Ìgbẹ́ màlúù rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n irúgbìn èpò pọ̀ nínú rẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ jẹrà kó o tó lò ó.

ỌmọÌkirè_Kano, ọjọ́ 10 oṣù kejì

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o. Ilẹ̀ ààtàn ńkọ́? Ìyá mi àgbà ní Ìkirè, ẹ̀yìn ààtàn ni wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ó máa ń ga jù mí lọ. Wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ èèpo ìrẹsì.

Bàbá_Samaru, ọjọ́ 10 oṣù kejì

Ààtàn ìyá rẹ àgbà, kí ló wà nínú rẹ̀? Èèpo iṣu, eérú, ewé mọ́ínmọ́ín, ìgbẹ́ ewúrẹ́. Bu ti Abuja wò: bátìrì, gílóòbù, ọ̀rá, àfọ́kù ìgò, omi bátìrì ọkọ̀. Òjé kì í jẹrà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ewé ẹ̀fọ́ pẹ̀lú eruku. Lọ́dún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú ní Zamfara nítorí pé wọ́n ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín agboolé. Ti ilé yín lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má bu ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, má bù ú níbi tí wọ́n ti ń tún bátìrì ṣe.

Níbo ni wàá ti bù ú? Wá ẹni tó ní oko lẹ́yìn ìlú, bẹ̀ ẹ́, ha òkè ilẹ̀ nìkan, kò gbọdọ̀ ju íǹṣì mẹ́fà lọ sísàlẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò tàbí dóńgóyárò tí ewé ti ń wọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún dára. Ilẹ̀ fàdámà, ìyẹn àbàtà etí odò, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo, fi èèpo ìrẹsì kún un.

KáfíńtàNyanya, ọjọ́ 11 oṣù kejì

Màdáámú, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ mi ni.

Káfíńtà ni mí, mo sì fẹ́ sọ fún yín pé kí ẹ má fi pákó ṣe é. Ikán Abuja kò mọ Ọlọ́run. Pákó funfun tí ẹ rà ní ọjà Dei-Dei, tí ẹ gbé lé ilẹ̀ tó ń rin lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ lẹ ó rí eérú rẹ̀. Àwọn kan máa sọ pé kí ẹ fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ kùn ún. Òótọ́ ni, ikán kì í fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà á wọ inú ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Pákó òrùlé tí wọ́n ti rì sínú oògùn ikán náà, òrùlé ni kó wà.

Tó bá jẹ́ pálẹ́ẹ̀tì lẹ rí he, ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, ìyẹn dára. MB, oògùn olóró ni, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, èmi kì í gbé e.

Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ lò, láìfi sìmẹ́ǹtì dì í. Onílé yín kò ní rí nǹkan sọ, ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ kó o dání. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà, gígùn rẹ̀ 18, gíga rẹ̀ 9. Ẹ to mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ gígùn kan, mẹ́fà sí ìkejì, ẹ wá fi méjì méjì dí orí àti ẹsẹ̀, kó wà láàárín àwọn tó gùn. Búlọ́ọ̀kù 16 ni gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́ta, ìta rẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́rin. Àyè tí ẹ sọ gbà á, ẹ ó sì rí ọ̀nà rìn yí i ká. Ẹ má ṣe é fẹ̀ ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé àárín láìfi ẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀.

BísíLugbe, ọjọ́ 11 oṣù kejì

Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín lé oníbàárà lọ báyìí. Ọlọ́run á san án fún yín.

KáfíńtàNyanya, ọjọ́ 11 oṣù kejì

Ẹni tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀dì fún tí ikán jẹ ẹ́, ṣé ó tún máa gbé ilẹ̀kùn wá fún mi? 😂

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 11 oṣù kejì

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹnì kan ládùúgbò wa tó parí ilé rẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù àlòkù lẹ́yìn fẹ́ǹsì, màá lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá, ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn ńkọ́? Yangí ṣì ni. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kọ́kọ́ tẹ́ páálí àti igi gbígbẹ sí ìsàlẹ̀, kí ilẹ̀ tí mo máa rà má bàa pọ̀. Ó tún ní kí n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí àwọn ike.

Bàbá_Samaru, ọjọ́ 11 oṣù kejì

Búlọ́ọ̀kù àlòkù dára ju tuntun lọ. Sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń tú ẹfun díẹ̀díẹ̀ sí ilẹ̀ tó bá fara kàn án.

Páálí àti igi gbígbẹ, níbi tí ikán kò bá sí, kò burú. Níbí, àsè lo ń se fún ikán. Wọ́n á jẹ páálí tán, wọ́n á sì bojú wo gbòǹgbò ata rẹ. Ewé tútù àti koríko tó ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà ni kí o fi sísàlẹ̀ tí o bá fẹ́ dín ilẹ̀ kù.

Yangí yẹn, má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Da omi sí i lálẹ́, kó mu ún mọ́jú, kó o wá fi díígà lu ú wọlé tó íǹṣì mẹ́fà kó o tó to búlọ́ọ̀kù. Kò dìgbà tó bá kúnná, kó ṣá là. Lẹ́yìn náà, da garawa omi kan sí ojú kan kó o wo aago. Tí omi náà bá ṣì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù ní ẹ̀gbẹ́ kan kí omi rí ọ̀nà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ adágún lo kọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ òkúta: àwọn àgbà púpọ̀ ló ń ṣe é, èmi náà ṣe é rí, ṣùgbọ́n kò ràn án lọ́wọ́. Mú kànrìnkàn tó mu omi yó, gbé e lé orí òkúta. Ṣé omi inú rẹ̀ á jò tán? Kò ní jò. Ìdí kànrìnkàn á ṣì kún fún omi. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rí. Omi kì í fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú àlàfo òkúta títí ilẹ̀ yẹn á fi yó kẹ́rí. Gbogbo ohun tí òkúta ṣe ni pé ó gbé ibi tí omi dúró sí súnmọ́ gbòǹgbò, ó sì gba àyè oúnjẹ. Ohun tí wàá fi sí orí ihò ni nẹ́ẹ̀tì tó ti ya, tàbí àkísà tó ṣí lójú, kí ilẹ̀ má bàa jò dànù. Ó tán.

Kó o tó kó ilẹ̀ wọ bẹ́ẹ̀dì, ìṣirò rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́ta, gíga íǹṣì 9, inú rẹ̀ gba nǹkan bíi bárò mẹ́jọ tó kún. Ra mẹ́wàá, nítorí pé ilẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ tí omi bá ti kàn án.

ỌmọÌkirè_Kano, ọjọ́ 12 oṣù kejì

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti ooru, nítorí pé ẹni tó ti gbin nǹkan ní Kano ní oṣù kẹrin ti rí iná ọ̀run ní kékeré.

Ike dúdú tó bá dúró sínú oòrùn, ẹ fọwọ́ kàn án ní aago méjì ọ̀sán. Gbòǹgbò tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ti sè. Mo fi ẹfun kun tèmi funfun. Àwọn tí n kò rí kùn, mo fi àpò ìrẹsì wé wọn. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń ràn, tí òjìji ògiri wá dé lẹ́yìn ọ̀sán, ni mo tò wọ́n sí. Àpò ìrẹsì náà lè jẹ́ ike fúnra rẹ̀ o. Ẹ ká etí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ sí i dé ìdajì. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́, tó bá ti pé ọdún kan, ẹ má gbé e, á fà ya mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ má fi ojú ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Èèpo ẹ̀pà ni mo ń tẹ́ sí i, ní Kano èèpo ẹ̀pà pọ̀ bí erùpẹ̀. Koríko gbígbẹ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi ata gan-an.

Omi wá ńkọ́? Lọ́wọ́ mái rúwá ni mo ti ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, nítorí náà n kò lè máa da á sílẹ̀ lásán. Bàbá kan tó jẹ́ Haúsá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́ mi ní èyí: ẹ ra ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọn kò fi nǹkan dán, ẹ rì í mọ́ àárín bẹ́ẹ̀dì, kó ku ọrùn rẹ̀ nìkan níta, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi àwo bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Omi á máa yọ́ gba ara amọ̀ jáde bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ. Ìkòkò lítà márùn-ún, mo máa ń pọn ọn lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ọyẹ́ kò bá le. Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì náà kì í lọ sí gọ́tà mọ́. Olọ́ṣẹ nìkan ni mo ń dà nù.

Tòmátì: ẹ má retí púpọ̀ ní oṣù kẹta àti kẹrin. Tí ooru ọ̀sán bá ti ju 35°C lọ, tí òru náà kò sì tutù, òdòdó á yọ, á já. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀. Àwọn tó ń gbìn ín ní Kadawa níbí, ìgbà ọyẹ́ ni ọjà wọn, omi ìsédò Tiga ni wọ́n ń lò, wọn kì í dúró de òjò. Ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta jẹ tòmátì Kaduna àti Kano run, tí apẹ̀rẹ̀ kan di ọ̀wọ́n gógó, ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí gbin tèmi sílé.

ÌyáÌbejì_Minna, ọjọ́ 12 oṣù kejì

Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin ará. Kò sí ẹni tó dáhùn ti ewédú tí kò yọjú. Ìyá Tómi, kì í ṣe ike yín ló fà á. Èèpo kóró ewédú le. Ẹ dì í sínú aṣọ funfun, ẹ gbé omi kaná, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, ẹ fà á yọ, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Ẹ sá a fún ìgbà díẹ̀ kí ó má lẹ̀ pọ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, ẹ fọ́n ọn. Kò ní ju ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún lọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú omi gbígbóná o, kó má lọ di ọbẹ̀.

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 12 oṣù kejì

Ìyá Ìbejì, ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń bú ẹni tó tà á fún mi 🙈. Mo dúpẹ́ o. Màá padà wá.

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní màá padà wá, mo ti dé.

Ìgbẹ́ adìyẹ gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fà á yọ kíákíá, kò yàtọ̀ sí ìkòkò orí iná. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹta, ó ti dúdú, kò rùn mọ́. Ọkọ mi tó ní kí n máa fi ike pọn omi, òun ló lu yangí. Alẹ́ méjì la fi da omi sí i kó tó gbà. A to búlọ́ọ̀kù 16 bí Ọ̀gá Káfíńtà ṣe wí, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Bárò mẹ́wàá ni mo ní kí wọ́n gbé wá, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ pupa lábẹ́, dúdú lókè. Mo ní kí wọ́n dà á padà sínú ọkọ̀ wọn. Ọdún tó kọjá, ǹ bá má mọ̀.

Mo ṣe ìdánwò èkuru. Ìgbà àkọ́kọ́ ó jẹ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀, mo fi èèpo ìrẹsì bárò kan kún un, ó di èkuru. Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, mò ń wọ́n omi sí i, èpò hù, mo fà á tu, mo wá gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò. Tẹ̀tẹ̀ ti wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan. Ewédú hù bí irun orí! Ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé lọ́jọ́ Àìkú, ó jẹ igun kan, a ti fi nẹ́ẹ̀tì yí i ká. Onílé wá wò ó, mo ti ń múra àwíjàre sílẹ̀, ló bá bi mí bóyá kóró ṣọkọ ṣẹ́ kù.

Ìṣòro kan ló kù. Ata rodo wà nínú ike mẹ́fà. Mẹ́rin ń ṣe dáadáa, ewé méjì tó kù ń pọ́n láti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ wọn kì í gbẹ. Ilẹ̀ kan náà ni, ihò mẹ́jọ mẹ́jọ ni mo lu sí gbogbo wọn. Òjò kò tíì pọ̀.

Bàbá_Samaru, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Kí lo fi bo ihò àwọn méjì yẹn?

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún

Nẹ́ẹ̀tì ò tó, Bàbá. Mo fi ọ̀rá... Háà.

BísíLugbe, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún

Ọ̀rá kẹ̀!

Bàbá_Samaru, ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún

Má wulẹ̀ tú u. Fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́rin sí i lára ẹ̀gbẹ́, súnmọ́ ìdí, kó o ki igi tín-ínrín gba ibẹ̀ wọlé kó o fi gún ọ̀rá náà. Gbé ike náà dá sí ẹ̀gbẹ́ kan di àárọ̀. Má bomi rin ín títí òkè rẹ̀ á fi gbẹ tó íǹṣì kan.

ÌyáTómi_Kubwa, ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún

Mo gún un. Omi tó jáde, ẹ̀yin ará mi, ó tó ife méjì, ó sì ń rùn.